Gbígbé ajá lọ pàgọ́ lẹ́bàá adágún nínú igbó Sam Houston: ibo ló dáa, kí la sì máa ṣọ́ra fún?

Màmá_Jákì béèrè:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Òpin oṣù Kẹwàá la fẹ́ lọ pàgọ́ fún òru méjì: èmi, baálé mi, àwọn ọmọ méjì (ọmọ ọdún 7 àti 11), àti Jákì ajá wa. Ìdajì rẹ̀ Labrador ni, akọ, ọmọ ọdún 3, ó wọn pọ́n-ùn 60. Tó bá ti rí omi báyìí, ẹ ò lè dá a dúró mọ́. Kò sùn nínú àgọ́ rí. Àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ bá wa lọ. Ajá tiẹ̀, Pug ni, pọ́n-ùn 18.

Katy, lẹ́bàá Houston ní Texas, là ń gbé, a ò sì fẹ́ wakọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Igbó ni mo fẹ́, kì í ṣe pápá gbalasa, kí omi sì wà nítòsí. Mo ti kọ ibi mẹ́ta sílẹ̀: Huntsville State Park, Double Lake, àti Cagle tó wà létí Lake Conroe. Ẹnìkan tún ní Brazos Bend ló sún mọ́ wa jù.

Èwo ni kí n gbà nínú wọn? Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀nì wà nínú adágún Huntsville? Ṣé Jákì lè wẹ̀ níbẹ̀? Báwo la ṣe máa dè é tí kò fi ní wó àgọ́ lé wa lórí? Ibo ló máa sùn lóru? Ohun tí mo máa rà, ohun tí mo máa gbé dání àti ohun tí mo máa yẹra fún gan-an ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹ ṣeun, mo ń retí yín.

Ọmọ_Ọdẹ_Conroe dáhùn:

Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá Jákì. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ ló gba ajá, ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Brazos Bend kúrò. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ wo ẹyẹ àti ọ̀nì, àmọ́ ọ̀nì ibẹ̀ pọ̀ jọjọ, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn yí Elm Lake àti 40 Acre Lake ká sì lẹ̀ mọ́ etí omi. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú ajá tó ń sáré sínú omi lọ.

Huntsville State Park wà lójú ọ̀nà I-45, ẹ máa yà ní exit 109. Ó jìn sí Houston tó bíi máìlì 70. Igbó páìnì ló yí Lake Raven ká, adágún tó fẹ̀ tó éékà 210. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé ẹgbẹ́ àwọn èèyàn dúdú kan ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ lọ́dún 1937: Company 1823 ti Civilian Conservation Corps (CCC, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́), àwọn tó ti ṣe sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Òjò ńlá ọdún 1940 wó ibi tí omi ń gbà tú jáde lára ìdídò náà, ó sì di ọdún 1956 kí ọgbà náà tó ṣí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nì wà ní Lake Raven, òótọ́ ni. Ní gbogbo ìlà-oòrùn Texas, omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní koríko létí, ẹ gbà pé ọ̀nì lè wà níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ gbé àkọlé síbẹ̀. Òru, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá oúnjẹ jù. Ajá tó tẹ ẹnu bomi, ẹran tí wọ́n ń jẹ ló jọ lójú tiwọn, Pug sì jọ ọ́ ju Jákì lọ. Ọ̀nì tó bá ń pòṣé sí yín ti sọ fún yín pé ẹ ti sún mọ́ òun jù; ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn padà. Ẹ má sì ju èérún oúnjẹ kankan sínú omi, torí ọ̀nì tó bá ti jẹ lọ́wọ́ èèyàn kì í sá fún èèyàn mọ́.

Òfin àwọn ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Texas lórí ajá: okùn kò gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ajá nìkan sílẹ̀, ìbáà ṣe nínú àgọ́ tàbí nínú ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ ilé kankan nínú ọgbà. Kò sì gbọ́dọ̀ dé ibi ìwẹ̀ tí wọ́n sàmì sí, kódà kò gbọ́dọ̀ tẹ iyanrìn tó wà létí rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà ni ilé onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní screened shelter. Wọ́n á sanwó rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, wọ́n á débẹ̀ tán, wọ́n á rí i pé ajá ò lè wọlé. Ojú àgọ́ gidi ni kí ẹ gbà.

Ìtumọ̀ òfin yẹn fún yín ni pé nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ lọ wẹ̀, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ dúró ti ajá. Ẹ jọ pín in kí ẹ tó kúrò nílé, kó má di ìjà níbẹ̀.

Double Lake wà nítòsí Coldspring, lójú ọ̀nà FM 2025, ti U.S. Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, ni. Lọ́dún 1937 ni CCC kan náà kọ́ ọ. Adágún rẹ̀ kéré, ó tutù lójú, ọ̀nà ìrìn sì wà látibẹ̀ tó já sí Big Creek Scenic Area. Òfin okùn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ti ibi ìwẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Cagle ní tiẹ̀ wà létí Lake Conroe, omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná wà lójú àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n adágún ńlá ni Conroe, ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò pọ̀ níbẹ̀, ìgbì tí wọ́n ń dá sì lè gbá ajá tó ń wẹ̀ létí kúrò lẹ́sẹ̀.

Tó bá jẹ́ Jákì nìkan ni, Double Lake ni màá ní kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n Pug ń bọ̀, Pug sì nílò fáànù, ìwọ̀nba ojú àgọ́ ló sì ní iná ní Double Lake. Nítorí náà, Huntsville, ojú àgọ́ tó ní iná. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni àwọn ọgbà Texas ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ìpàgọ́, òpin ọ̀sẹ̀ oṣù Kẹwàá sì máa ń tètè kún. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ wá láti Sunday sí Tuesday, tàbí kí ẹ máa yẹ ojú ìwé wọn wò láàárọ̀ fún ẹni tó fagi lé tiẹ̀. Ti Double Lake àti Cagle, orí Recreation.gov lẹ ti máa gba àyè.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: gbogbo èèyàn ló ń sáré gba ojú àgọ́ tó wà létí omi gan-an. Ẹni tó bá mú ajá dání, ìlà kejì tàbí ìkẹta ni kó gbà. Ẹ̀fọn dín kù níbẹ̀, ọ̀nì jìnnà, ìwọ̀ àti ìjẹ tí àwọn apẹja gbàgbé sílẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ajá máa ń gbé ìwọ̀ mì nítorí òórùn ẹja. Tí ẹ bá rí okùn ìwọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ má fà á o! Ẹ gé e kó ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan lóde, ẹ so ó mọ́ kọ́là ọrùn rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Oníṣègùn_Ẹranko_TX dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n gba apá ti ìlera, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó lọ ni kí ẹ mú àwọn ajá náà lọ rí dókítà. Ìdí ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára leptospirosis, bí ajá ò bá gbà á rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín wọn, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún. Àrùn yìí wà nínú ìtọ̀ eku, raccoon (ẹranko kékeré kan tó ń jalè oúnjẹ lóru) àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ó máa ń pẹ́ nínú omi tí kò ṣàn àti nínú ẹrẹ̀, ó ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ó sì ń ran èèyàn. Ti dìgbòlugi, òfin Texas ti sọ ọ́ di dandan. Ẹ mú ìwé rẹ̀ dání. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Oògùn aràn ọkàn, ẹ má jẹ́ kí oṣù kankan fò, torí ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yẹn kiri.

Eégbọn. Oṣù Kẹwàá kò lé e lọ nínú igbó yẹn. Oògùn tí ajá ń jẹ (NexGard, Simparica, Bravecto) ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ajá bá ní wárápá, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé eégbọn gbọ́dọ̀ bu ajá jẹ kó tó kú. Èyí tí kò tíì bu ú jẹ lè bọ́ sínú àgọ́ kó gun àwọn ọmọ. Torí náà, kí Jákì tó wọ àgọ́ nígbàkigbà, ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: inú etí, abẹ́ kọ́là, abẹ́ apá, àárín ìka ẹsẹ̀, ìtan nínú, ìdí ìrù. Ẹ fi ìka tẹ awọ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá le bí hóró ẹ̀wà kékeré, ẹ la irun níbẹ̀ kí ẹ wò ó.

Yàtọ̀ sí ọ̀nì, omi tó ní blue-green algae (bakitéríà olóró kan tó jọ ewédò) náà ń pa ajá. Lẹ́yìn ooru gígùn tí òjò ò rọ̀, ó máa ń léfòó bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n dà sójú omi, tàbí kó kó jọ bí ìfófó sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Afẹ́fẹ́ á ti kó o jọ sí etí kan, nígbà tí òdìkejì adágún á mọ́ kedere. Ajá kò ní láti mu ún púpọ̀. Èyí tó bá lá kúrò lára irun rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ tó láti pa á. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Èébì, itọ́ tó ń dà, ìgbọ̀nrìrì, kí ó máa ṣubú: tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn omi, ọ̀dọ̀ dókítà tààrà, ẹ má dúró wò ó. Tó bá jẹ́ pé ó kàn bọ́ sínú rẹ̀ ni, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan gbogbo ara rẹ̀ kíákíá, ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ajá má mu omi adágún rárá, kódà èyí tó mọ́. Ẹ fún un ní omi tó pọ̀ kí ẹ tó sún mọ́ adágún, kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún jíju igi sínú omi kó máa lọ gbé e wá léraléra: ó ń gbé omi mì bó ṣe ń la ẹnu gbé igi, omi tó bá pọ̀ jù sì ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Inú rẹ̀ á wú, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á bì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Igi pẹlẹbẹ sàn ju bọ́ọ̀lù ńlá lọ, torí ẹnu kì í là gbàgàdà láti gbé e.

Ooru. Òpin oṣù Kẹwàá ṣì lè gbóná tó 85°F lọ́sàn-án. Imú Pug kúrú, atẹ́gùn tó ń gbà wọlé kéré, kò sì lè fi mímí tu ara rẹ̀ lára bí ajá yòókù. Kó rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìkan, kó wà lábẹ́ fáànù lọ́sàn-án, okùn àyà ni kó wọ̀, kì í ṣe kọ́là ọrùn. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 101 sí 102.5°F. Tó bá kọjá 104, ewu ti dé. Tí ahọ́n rẹ̀ bá pọ́n kankan, tí itọ́ rẹ̀ nípọn, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára títí dé awọ, pàápàá ikùn àti abẹ́ apá, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e wọ ọkọ̀. Ẹ má kàn fi aṣọ tútù bò ó kí ẹ fi sílẹ̀. Aṣọ náà á gbóná, á sì sé ooru mọ́ ọn lára. Tó bá lọ sílẹ̀ dé bíi 103.5, ẹ dáwọ́ omi dúró. Bó bá tilẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ìpalára inú kì í hàn lọ́jọ́ kìíní.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa, tí ìta bá jẹ́ 90°F, inú rẹ̀ á dé 109 láàárín ìṣẹ́jú 10.

Màmá_Jákì:

Háà, ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, tí eégbọn bá ti wọ̀ ọ́ lára ńkọ́? Kẹrosíìnì ni wọ́n máa ń kán sí i nílé wa ní Ìjẹ̀bú. Tí ejò bá sì bù ú ṣán, ṣé kí n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀?

Oníṣègùn_Ẹranko_TX:

Rárá sí méjèèjì, Màmá Jákì.

Eégbọn tí wọ́n bá da kẹrosíìnì sí, tàbí tí wọ́n fi iná jó nídìí, tàbí tí wọ́n fi Vaseline bò lórí, ara á ni í, á sì pọ̀ ohun tó wà ní inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, títí kan àrùn. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu tín-ínrín. Ẹ la irun, ẹ fi ẹnu ẹ̀mú mú orí eégbọn níbi tó ti wọ awọ, ẹ má mú un ní ikùn tó wú. Ẹ fà á sókè tààrà, jẹ́jẹ́, láìyí i, láìjá a. Á pẹ́ díẹ̀ kó tó tú. Ẹ ní sùúrù. Ẹ jù ú sínú ìgò kékeré tó ní ọtí ìfọgbẹ́, ẹ fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù sínú awọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ara máa ń tì í jáde fúnra rẹ̀.

Ejò: copperhead àti cottonmouth ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, etí omi àti abẹ́ ewé páìnì tó já sílẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ má dì í, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa oró, ẹ má fi yìnyín sí i. Dídì ń ti oró mọ́ ojú kan, ẹran ibẹ̀ á sì kú. Ẹ bọ́ kọ́là rẹ̀ bó bá jẹ́ ojú tàbí ọrùn ló wú, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ máa lọ. Kí ẹ tó kúrò ní Katy ni kí ẹ ti pe ilé ìwòsàn ẹranko tó ń ṣí lóru nítòsí Conroe tàbí Huntsville, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní oògùn ejò nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé, torí fóònù kì í gbe dáadáa nínú igbó náà.

Oògùn ẹ̀fọn tiyín tó ní DEET, ẹ má fún un sí ajá lára.

Àgbà_Alágọ̀ọ́ dáhùn:

Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ti dídè àti ti òru.

Ẹ kọ́kọ́ pa àgọ́ náà sí ẹ̀yìn ilé yín ní Katy, kí Jákì sùn nínú rẹ̀ ó kéré tán lóru kan, pẹ̀lú aṣọ tó ń sùn lé nílé. Ajá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ariwo aṣọ àgọ́ nínú igbó, pẹ̀lú raccoon tó ń họ nǹkan níta, á gbó mọ́jú, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ sì ni àkókò ìdákẹ́jẹ́. Ẹ gé èékánná rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹnu rẹ̀ ti kúná kó tó dé orí ilẹ̀ àgọ́. Èèyàn mẹ́rin àti ajá ńlá kan, àgọ́ tí wọ́n kọ 6 sí lára ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ àgọ́, ẹ ká etí rẹ̀ wọ abẹ́ pátápátá. Tó bá yọ síta, òjò á bọ́ lé e, á sì ṣàn wọ abẹ́ yín.

Kí ẹ tó yan ojú ibi tí ẹ ó pa á sí, ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo òkè. Nílẹ̀: ẹ wá òkìtì èèrà pupa. Ó dà bí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sílẹ̀, kò sí ihò lójú rẹ̀, tí ẹ bá fi igi kàn án, wọ́n á yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ jìnnà sí i. Ẹ wo ìdí igi fún ewé mẹ́ta-mẹ́ta tó ń fà gun èèpo, poison ivy nìyẹn. Kì í ṣe ajá ló máa yún jù. Òróró rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, àwọn ọmọ tó bá dì mọ́ ọn ni awọ wọn á lé. Ọṣẹ ìfọ-àwo àti omi púpọ̀ ló ń ṣí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lókè: ẹ wo ẹ̀ka páìnì tó ti gbẹ. Ọ̀dá àti kòkòrò ti pa ọ̀pọ̀ igi nínú igbó yẹn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń já wọn.

Dídè: ẹ má so ó mọ́ èèkàn àgọ́, ẹ má so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ ta okùn tó nípọn láàárín igi méjì tó fi bí ẹsẹ̀ bàtà 15 jìn síra, kó ga tó èjìká yín. Ẹ fi aṣọ tàbí bẹ́líìtì fífẹ̀ yí ibi tó bá ti kan igi, kó má bó èèpo rẹ̀. Ẹ ta kókó ńlá sí i ní bí ẹsẹ̀ bàtà 7 sí igi kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ajá dé ìdí igi kó máa yí i títí okùn á fi tán. Ẹ wá fi ìkọ́ onírin tó ń yí gbé okùn ẹsẹ̀ bàtà 6 kọ́ sórí rẹ̀, láàárín kókó méjèèjì, kí ẹ mú ìdí kejì mọ́ okùn àyà Jákì. Kọ́là ọrùn lè fún un lọ́rùn bó bá fò. Kó jìnnà sí iná, sí àgọ́ àti sí ojú ọ̀nà. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà o, torí àwọn ọgbà mìíràn kò fẹ́ kí wọ́n so nǹkan mọ́ igi. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ra èèkàn onírin tó ń wọlẹ̀ bí skúrùù. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wò ó.

Oúnjẹ. Mo mọ̀ pé sùyà máa wà níbẹ̀. Àlùbọ́sà, tútù tàbí díndín, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, torí náà kí àwọn ọmọ má fún un ní èyí tó wà lábẹ́ sùyà. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń já ṣóṣóró, á gún ìfun. Ṣúìngọ́ọ̀mù tó ní xylitol, irú ṣúgà kan tó jẹ́ májèlé fún ajá, ẹ fi sílé. Ẹ díwọ̀n oúnjẹ rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé, ọ̀rá kan fún ìjẹun kan, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, kì í ṣe abẹ́ tábìlì. Raccoon mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú páànù fífẹ̀ tó ní omi díẹ̀, èèrà ò ní lè rékọjá. Ohun tí kò bá jẹ tán, ẹ kó o kúrò ní kíá.

Lóru: ẹ nu ún gbẹ pẹ̀lú táwẹ̀lì méjì, ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ fóòmù fún un lórí ilẹ̀ àgọ́, kì í ṣe lórí ibùsùn oníafẹ́fẹ́ yín. Ẹ fi ìkọ́ kékeré so orí sípù ẹnu ọ̀nà méjèèjì pọ̀, torí ajá máa ń fi imú ṣí sípù. Ẹ gbé iná kékeré kọ́ ọ lọ́rùn kó tó jáde lọ tọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá lọ sínú garawa ìdọ̀tí. Òjò ló ń gbá èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lọ sínú adágún.

Tòkunbọ̀_Spring:

Gbogbo ẹ ti le jù. Okùn ẹsẹ̀ bàtà 30 ló dáa kí ajá lè gbádùn omi. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Ọdẹ_Conroe:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Yàtọ̀ sí pé wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín, ẹ wo ohun tí okùn gígùn ń ṣe: ó ń há mọ́ gbòǹgbò àti kùkùté abẹ́ omi, ajá á wá máa jà síbẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ nínú igbó náà. Ajá á lé e, akọ ẹlẹ́dẹ̀ á yíjú padà, eyín rẹ̀ á ya àyà ajá kí ẹ tó ká ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà okùn tán. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ lè fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti ìwẹ̀: ní Lake Raven, ẹ má jẹ́ kó wẹ̀. Bó bá jẹ́ Double Lake, jìnnà sí ibi ìwẹ̀ èèyàn, ní ọ̀sán gangan, níbi tí koríko ò sí tí ẹ sì rí ìsàlẹ̀ omi, ó lè wọ̀ ọ́ dé àyà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tó ní ìdìmú lẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó jáde. Fún Huntsville, ẹ ra ọpọ́n ike tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré omi, ẹ pọn omi ẹ̀rọ kún un lójú àgọ́. Jákì ò mọ ìyàtọ̀.

Adúnní_Beaumont:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Tí ẹ bá tún padà fẹ́ odò tó ń ṣàn lọ́jọ́ mìíràn, Village Creek State Park ní Lumberton wà nínú igbó Big Thicket, iyanrìn funfun wà létí odò rẹ̀. Ẹ wo bí omi ṣe ga kí ẹ tó lọ, torí lẹ́yìn òjò ńlá, iyanrìn yẹn á rì, omi á sì máa fà ju bí ojú ṣe rí i lọ. Martin Dies Jr. State Park, láàárín Jasper àti Woodville, dára fún ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, àmọ́ ọ̀nì wà níbẹ̀ náà.

Bí ẹ bá yí ọjọ́ yín padà sí oṣù Kọkànlá, ẹ rántí pé Sátidé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ọdẹ àgbọ̀nrín oníbọn ń bẹ̀rẹ̀, títí wọ oṣù Kìíní. Nínú igbó Sam Houston, lásìkò yẹn, àwọn ojú àgọ́ tí ìjọba ṣètò nìkan lẹ lè sùn sí. Àwọn olọ́fà ti máa ń wà nínú igbó ní oṣù Kẹwàá, torí náà tí ẹ bá ń rìn lọ sí Big Creek tàbí lórí Lone Star Hiking Trail, kí gbogbo yín wọ aṣọ ọsàn tó ń tàn, kí Jákì náà wọ ọ́. Awọ ara rẹ̀ tó bá pupa rúsúrúsú, láti òkèèrè, àgbọ̀nrín ló jọ.

Màmá_Jákì:

Mo ti gba Huntsville, ojú àgọ́ oníná, ìlà kẹta sí omi, Sunday sí Tuesday. Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ó ku ọ̀kan: omi mélòó ni kí n gbé fún àwọn méjèèjì?

Oníṣègùn_Ẹranko_TX:

Áúǹsì kan fún pọ́n-ùn kan lójúmọ́ ni ti ajá tó jókòó sílé. Nínú ooru àti ìrìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: Jákì 120, Pug 36, lápapọ̀ 156 lójúmọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin tó. Omi ẹ̀rọ wà lójú àgọ́ tí ẹ gbà, nítorí náà gálọ́ọ̀nù méjì ni kí ẹ gbé kúrò ní Katy, kí ẹ máa pọn ìyókù níbẹ̀. Ẹ gbé abọ́ tó ń ká àti ìgò kan lọ́tọ̀ fún ìrìn inú igbó, kí ẹ máa fún wọn mu ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, díẹ̀díẹ̀.